Láti Ẹlẹ́yẹlé dé etí òkun nítorí ẹja gbígbẹ

Mọ́ńdè, Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ mi, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń yan ẹja nítòsí odò Ẹlẹ́yẹlé ni mo ti ń kó o. Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, àwọn apẹja ṣì ń da àwọ̀n síbẹ̀ dòní, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lórí iná àwọn ìyá wa kì í ṣe ẹja odò yẹn mọ́ o, àrọ̀ inú pọ́ńdù ni, àti Títù, Kòtè, Ṣáwá inú páálí tó ń ti kóòdù-rúùmù l'Ékòó gòkè wá.

Ohun tó gbé wa dìde ni pé ẹja wa ò pẹ́ nílẹ̀ mọ́. Kó ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú àpò báyìí, kòkòrò á ti wọ̀ ọ́, ẹ ó kàn rí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò, tẹ́ ẹ bá gbé ẹja sọ́wọ́ ẹ ó rí i pé ó ti fúyẹ́ jù, inú ẹ̀ ti di ihò. Àwọn tó ń gbé e lọ sókè òkun ló máa ń kọ́kọ́ pè mí, wọn kì í sì í pè mí dáadáa. Àwọn kan lọ́jà ń fi oògùn kòkòrò fín ẹja, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síbí kó yé gbogbo èèyàn, mi ò ní bá wọn ṣe é láéláé, ẹnu ọmọ èèyàn ni ẹja yẹn ń lọ. Dichlorvos tí wọ́n ń fín yẹn náà ló jẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà wa lọ́dún 2015, ẹ̀wà tí àgbẹ̀ fi òógùn gbìn tó fi òógùn kórè, inú àpò ni oògùn ti bà á jẹ́.

Ìyá Wàsíù tó jẹ́ olórí àwọn ìyá náà ló ní ká lọ bá àwọn tó ń ṣe ìwádìí òkun àti ẹja l'Ékòó, àwọn NIOMR. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń fi ọjọ́ ayé ẹ̀ wo ẹja, á mọ ohun tó ń pa ẹja wa." Mo ní ó dáa mà, ẹ jẹ́ ká lọ.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn lónìí mo jókòó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀, mo ń kọ ọ́ sínú fóònù. Wọ́n pa àrọ̀, wọ́n fi iyọ̀ ra á kí yíyọ̀ ara ẹ̀ lè kúrò, wọ́n yọ ìfun, wọ́n ká a, wọ́n fi igi há ìrù mọ́ ẹnu ẹ̀, wọ́n tò ó sórí àwọ̀n, dúróòmù tí wọ́n là sí méjì ló wà lábẹ́. Iná àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù, igi tútù àti igi gbígbẹ pọ̀, torí wọ́n fẹ́ kó yára pọ́n. Nígbà tó bá ti pọ́n, tí ara ẹ̀ le, wọ́n á ní ó ti gbẹ nìyẹn. Ojú wọn pupa nínú èéfín yẹn, àwọn ọmọdé ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Túsìdeè, Mọ́níyà sí Èkó

Rélùwéè la wọ̀, láti Mọ́níyà dé Ebute Metta. 157 kìlómítà ni wọ́n ní ojú irin yẹn, ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, ó tura ju ká jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ. A gbé àpò ẹja kan dání, a wé e nínú ọ̀rá dáadáa kó má baà dààmú àwọn tó jókòó tì wá, síbẹ̀ ìyá kan bèèrè pé èló ni, Ìyá Wàsíù sì ta mẹ́ta fún un ká tó dé Abẹ́òkúta.

Ìrọ̀lẹ́ la yà sí Makoko, ọjà Asejere. Èéfín ibẹ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ló pọ̀ níbẹ̀, agbódò àti ṣáwá ni wọ́n ń yan jù, ẹja tó ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sórí iná láì jìnnà síra. Ìyá Wàsíù bá ìyá Ìlàjẹ kan sọ̀rọ̀ títí, ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un ni pé àwọn tó wà létí omi gan-an ń sunkún yìnyín. Ìyá yẹn ní tí kò bá sí yìnyín, tí ẹja bá ti pọ̀ jù lọ́jọ́ kan, ohun tí àwọn ń ṣe ni kí àwọn yára gbé e sórí iná, bó bá ti rọ̀ díẹ̀ ná, iná á bò ó. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn, "iná á bò ó", torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bọ̀ ní Wẹ́sìdeè.

Wẹ́sìdeè, Victoria Island

Etí òkun ni NIOMR wà ní Victoria Island, ọdún 1975 ni ìjọba dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ẹja nìkan ni wọ́n ń wò o, omi òkun fúnra ẹ̀, ilẹ̀ tí òkun ń jẹ, ẹja mélòó ló kù nínú omi, bí wọ́n ṣe ń sin ẹja, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ tó bá ti jáde lómi. Etí òkun Nàìjíríà gùn tó 853 kìlómítà, ẹ wo iye abúlé apẹja tó máa wà lórí ẹ̀, iye ìyá tó ń fi igi dáná.

Dọ́kítà kan, obìnrin, ló gbà wá lálejò. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Wàsíù, ìyẹn wú mi lórí, torí Ìyá Wàsíù ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀ pé òyìnbó ni wọ́n máa fi bá òun sọ̀rọ̀, ó wá tú àpò ẹja ẹ̀ sílẹ̀. Dọ́kítà ò yin ẹja, kò bú u, ó mú ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó ní "Mà, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn ẹ̀ yìí." Ìyá Wàsíù fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀. Ẹja tó le níta báyìí!

Àlàyé tó ṣe nìyí, mo máa kọ ọ́ bó ṣe yé mi. Tí iná bá ti le jù látìbẹ̀rẹ̀, ara ẹja á gbẹ kíákíá á sì le gbagidi, omi tó wà nínú lọ́hùn-ún ò wá ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Èèyàn á rò pé ó ti gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nínú àpò, omi yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá síta díẹ̀díẹ̀, ẹja á rọ̀, ebu á hù, kòkòrò náà á rí ilé. Torí náà iná jẹ́jẹ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ kí omi máa jáde, lẹ́yìn náà la ó wá fi kún iná kó lè jinná dénú, ká tún wá dín in kù kó máa gbẹ lọ fún wákàtí púpọ̀. Ìyá Wàsíù mi orí, ó ní, "Háà, àṣé àwa la ń fi iná tilẹ̀kùn mọ́ omi." Dọ́kítà ní bẹ́ẹ̀ ni mà, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ó wá kan kòkòrò. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù, àkọ́kọ́ dúdú, Dermestes maculatus ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, ọmọ ẹ̀ tó nírun lára ló ń jẹ ẹja jù, èkejì kéré, ara ẹ̀ ń dán bíi búlúù, ẹsẹ̀ ẹ̀ pupa, Necrobia rufipes. Ìyá Wàsíù ti rí àwọn méjèèjì láìmọye ìgbà, ó ní èyí tó ń dán yẹn lòun kórìíra jù. Àwọn kòkòrò yìí ò lè ye inú iná, ìgbà tí ẹja bá wà níta tó ń tutù ni wọ́n ń fò wá yé ẹyin sí i. Àwa sì máa ń tẹ́ ẹja sórí pákó láṣálẹ́ kó tutù, láì bò ó, kó tó di àárọ̀ wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lásán tó wà nílé gbogbo èèyàn yìí tó láti dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ò tún gbọdọ̀ torí ìyẹn kó o sínú ọ̀rá ní gbígbóná o, òógùn ẹja á dà sí ọ̀rá lára, omi tún dé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ èéfín, ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun fetí sí mi. Ọ̀rá ẹja tó ń kán sínú iná, àti igi tí kò jó dáadáa, ló ń mú èéfín kan wá tó ní nǹkan tó lè fa jẹjẹrẹ nínú. Ọ̀kan nínú wọn ni benzo(a)pyrene, láti 2014 ni Yúróòpù ti sọ pé ẹja yíyan ò gbọdọ̀ ní ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kìlò kan, ìwọ̀n bíńtín tí ojú ò lè rí. Ẹja tó dúdú kirikiri tí àwọn èèyàn wa ń pè ní "ó yan dáadáa" yẹn, òun gan-an ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Ààrò tó dáa wà káàkiri: ní Gánà, àwọn obìnrin abúlé Chorkor pẹ̀lú àwọn FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ṣe ààrò alámọ̀ tí wọ́n ń to àwọ̀n léra lórí ẹ̀ láti bí ọdún 1970, ní Sẹ̀nẹ̀gà wọ́n ṣe ti Thiaroye tó ní páànù tó ń gba ọ̀rá kó má kán sínú iná. Nílé níbí NIOMR ti ṣiṣẹ́ lórí ààrò ìgbàlódé, àwọn NSPRI n'Ílọrin, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí bí oúnjẹ tá a tọ́jú ò ṣe ní bàjẹ́, náà ní tiwọn. Owó ẹ̀ ni kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa. Dọ́kítà ní kí ààrò tó dé, ẹ jẹ́ kí igi jó di ẹ̀yinná ná kí ẹ tó gbé ẹja lé e, kí ẹ sì fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀rá lábẹ́ àwọ̀n, àǹfààní tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ojú ẹ̀yin fúnra yín náà á sinmi.

Ọ̀rọ̀ "iná á bò ó" wá dé. Èmi ni mo sọ ohun tí ìyá Ìlàjẹ sọ l'ánàá, Dọ́kítà sì jókòó dáadáa. Ó ní Títù àti Kòtè, tí wọ́n bá ti yọ́ tí wọ́n wà nínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan tí wọ́n ń pè ní histamine, iná ò sì lè pa á, yìnyín ò lè pa á, bó bá ti wà níbẹ̀ ó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ara á máa yún un, ojú á pupa, orí á máa fọ́ ọ. Mo kàn wo Ìyá Wàsíù, òun náà wò mí, torí a mọ iye èèyàn n'Ìbàdàn tó ń sọ pé "Títù ò bá mi lára mu". Ó lè jẹ́ pé Títù ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, oòrùn ìdí mọ́tò ló ṣe é. Ẹja yẹn ti rin ìrìn-àjò láti òkun tútù, Norway àti àwọn ibi bẹ́ẹ̀, ó dì bíi yìnyín títí tó fi dé Èkó, kó wá jẹ́ pé láàárín Ìjọra sí Ìbàdàn ló máa bàjẹ́, ó dùn mí gan-an. Ìwọ̀n tó fún wa ni pé nínú ooru tiwa níbí, kìlò ẹja kan, kìlò yìnyín kan.

Ohun tó kẹ́yìn ló tóbi jù lójú mi. Ìyá Wàsíù bi í pé báwo wá ni èèyàn á ṣe mọ̀ pé ẹja ti gbẹ tán, nígbà tí ìka ọwọ́ ń parọ́. Dọ́kítà ní òṣùwọ̀n. Ó mú bírò. Ó ní ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní kìlò 10 àrọ̀ tẹ́ ẹ ti pa tẹ́ ẹ ti yọ ìfun ẹ̀, bíi kìlò 7 àtààbọ̀ nínú ẹ̀ omi ni, ẹran àti egungun ò ju kìlò 2 àtààbọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó wọn kìlò 4, omi kìlò 1 àtààbọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹja yẹn ò lè pẹ́. Tó bá wá sọ̀ kalẹ̀ sí bíi kìlò 2.8, omi inú ẹ̀ ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, èyí ni ebu ò lè hù lórí ẹ̀. Ó lè yàtọ̀ díẹ̀ torí ẹja kan sanra ju èkejì lọ, ọ̀rá náà sì ń kán, àmọ́ kò ní jìnnà. Kò sí ẹ̀rọ òyìnbó kankan níbẹ̀, òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ta ẹran ń lò lásán! Ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti wà lẹ́nu gbogbo ìyá tó ń yan ẹja láti Ẹlẹ́yẹlé dé Aṣèjìrẹ́, kò yẹ kí èèyàn wọ rélùwéè kó tó gbọ́ ọ.

Tọ́sìdeè, Ẹ̀pẹ́

Dọ́kítà ló ní ká gba Ẹ̀pẹ́ padà sílé kí a lè rí bí wọ́n ṣe ń lo yìnyín lọ́jà Olúwo. A jí lọ. Ọjà yẹn dùn ún wò, ẹja tó ṣì ń jà nínú báàfù, edé, akàn, òbòkun, apò. Ìyá kan fi kúlà ńlá hàn wá: yìnyín fífọ́ nísàlẹ̀, ẹja, yìnyín, ẹja, yìnyín lókè pátápátá, ihò kékeré lábẹ́ kí omi tó bá yọ́ máa jò dànù, kí ẹja má lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀. Kò tíì dé ilé ìwádìí kankan rí, ìyá tó bí i ló kọ́ ọ. Ohun kan náà tí Dọ́kítà sọ ló ń ṣe, lẹ́sẹẹsẹ.

Bàbá apẹja kan wà létí ọ̀sà tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ní ọmọ òun ń lọ sí òkun gan-an, ẹja ò tó ti tẹ́lẹ̀. Òfin sọ pé àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n ò gbọdọ̀ wọ inú máìlì òkun 5 sí etí ilẹ̀, pé ti àwọn apẹja kéékèèké nibẹ̀, bàbá ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n ń wọlé, wọ́n á sì fa àwọ̀n àwọn ọmọ lọ. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń sọ fún, wọ́n kàn ń bá àwọ̀n wọn lọ.

A gba Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà dára níbì kan kò dára níbì kan, a délé lálẹ́.

Fúráìdeè, Ẹlẹ́yẹlé

Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ bàbá tó ń ta adìyẹ tútù ládùúgbò. Gbogbo àwọn ìyá ló pé jọ. Kìlò 10 àrọ̀, pípa, fífọ̀, a wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn. Ìyá Wàsíù fúnra ẹ̀ ló dáná, ó jẹ́ kí igi jó di ẹ̀yinná kó tó gbé e lé e, àwọn kan ń kùn pé iná yìí ò le, Ìyá Wàsíù ní ẹ fi mí sílẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Nígbà tó di àsìkò tí wọ́n máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbogbo wọn ní ó ti gbẹ. A gbé e sórí òṣùwọ̀n, kìlò 3.9. Mo ṣírò omi inú ẹ̀ fún wọn. Ìyá Ìdòwú tó ti ń yan ẹja kí wọ́n tó bí mi ní irọ́ ni, òṣùwọ̀n aládìyẹ ò ṣe é gbọ́kàn lé, mo ní mà, ẹ ṣẹ́ ọ̀kan wò. Ó ṣẹ́ ẹ. Ó tẹ ẹ́ títí. Ó ní "Ẹ dá a padà sórí iná."

A fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nígbà tí iná rọlẹ̀ lálẹ́.

Sátidé

Iná jẹ́jẹ́ láti àárọ̀. Kìlò 3.2 nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn kàn àtàrí, ìrọ̀lẹ́ ló tó wá di 2.9. Ẹja yẹn pọ́n, kò dúdú, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ ó ń dún.

Inú wa dùn, àmọ́ ìjà ńlá wá dé, ìjà tó sì tọ́ ni. Ìyá Ìdòwú ló gbé e kalẹ̀: ẹja yìí kéré lójú ju tàtijọ́ lọ, igi tá a fi gbẹ ẹ́ sì pọ̀ jù, n'Ìbàdàn níye la fi ń ta ẹja kíká, kì í ṣe ìwọ̀n, oníbàárà á wo ti èmi àti ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí omi ṣì wà nínú tiẹ̀, èyí tó tóbi lójú ló máa mú. Ta ló máa san owó igi yẹn? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló ń jẹ́ kí ẹja wa bàjẹ́, ọjà fúnra ẹ̀ ń san owó fún omi. Kò sí bí ìmọ̀ ṣe lè pọ̀ tó lẹ́nu Dọ́kítà, tí ẹni tó gbẹ ẹja dáadáa bá ń pàdánù, kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tá a fàbọ̀ sí nìyí. Èyí tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ìwọ̀n la ó máa fi rà á, kìlò la ó máa fi tà á, ẹja tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀n tí Dọ́kítà sọ, owó ẹ̀ á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì máa kọ ọjọ́ tí wọ́n yan án sára ọ̀rá. Àwọn tó fẹ́ máa ta níye lọ́jà á ṣì máa ta níye, a ò lè fipá mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá àjọ fún òṣùwọ̀n tiwọn, páànù tí yóò máa gba ọ̀rá, welder kan l'Ápẹ̀tẹ̀ ní òun á bá wọn gé e láti ara dúróòmù àtijọ́. Èmi máa lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ ẹja ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò jìnnà sí wa rárá, kí wọ́n bá wa yẹ omi inú ẹja yìí wò ní láàbù, ká mọ̀ bóyá ìṣirò òṣùwọ̀n wa tọ̀nà. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èèyàn níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé àwọn ìyá Ẹlẹ́yẹlé ń bọ̀, wọ́n á gbé ẹja dání.